GÁLÍLÌ TI SÚN MỌ́LÉ: ẸSẸ̀ NI KÍ A FI GUN ÒKÈ PATTI

Ọyẹ́ ti kógbá sílé. Èsúnsún ti ń fò yí iná ká lálẹ́, máńgòrò ń já lu páànù, àwọn ọmọ wa sì ti ń ka iye ọjọ́ tó kù kí ilé-ìwé tó gba ìsinmi Àjíǹde. Ìgbà báyìí ni àwọn ìyá máa ń dá akọ̀wé ẹgbẹ́ dúró lọ́nà ọjà pé, "Gálílì ńkọ́? Ibo là ń kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún yìí?" Ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn nínú ìpàdé. Àwọn àgbà sì ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, kí gbogbo ilé lè rí i kà kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó fẹnu kò.

Nítorí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, àti nítorí àwọn Mùsùlùmí inú wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí Gálílì jẹ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni. Ìhìnrere Matteu àti ti Marku sọ pé nígbà tí àwọn obìnrin dé ibojì Jésù tí wọn kò bá a níbẹ̀, iṣẹ́ tí a rán wọn sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni pé Gálílì ni wọn yóò ti rí i. Ọ̀nà Jerúsálẹ́mù sí Gálílì kì í ṣe ọ̀nà kékeré, ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará ìgbà náà fi ń rìn ín. Luku náà sọ ti àwọn méjì tí wọ́n ń rìn lọ sí Emmausi ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ìrìn bí máìlì méje, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ títí ẹni kẹta fi bá wọn lọ́nà. Àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ wa gba Gálílì yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ọmọdé á ṣíwájú, àwọn ìyá á gbé agbọ̀n oúnjẹ, wọ́n á jáde lọ sétí odò, tàbí orí òkè, tàbí abẹ́ igi kan tó ní ibòòji, wọn kò sì ní padà títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan náà. Ní gúúsù Jámánì àti ní Austria, àwọn kan ṣì ń jáde rìn ní ọjọ́ Ajé yìí kan náà, orúkọ Emmausi ni wọ́n sì fi ń pe ìrìn wọn.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nìyí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ dábàá pé kí a háyà bọ́ọ̀sì, kí a kó gbogbo ẹbí gba ọ̀nà ọlọ́dà gun orí Òkè Patti, kí a ta àtíbàbà, kí a gbé gbohùngbohùn kalẹ̀, kí a jẹ, kí a jó, kí a sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní oòrùn Lọ́kọ́jà kì í ṣe oòrùn àfiṣeré. Wọ́n ní àwọn àgbà wa kò lè rìn, àti pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìrìn í rìn. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n wí, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìsinsìnyí kò bá mọ ìrìn í rìn, ta ló yẹ kó kọ́ ọ? Èrò tiwa ni pé kí bọ́ọ̀sì kan gbé àwọn arúgbó, àwọn aláboyún tó bá wù láti lọ, àti oúnjẹ. Kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti òkè náà fúnra rẹ̀, nítorí a ń gbé abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé abẹ́ àjà ilé tí kò gbójú sókè wò ó rí. Ní èdè Nupe, òkè ni "pati". Àwa tí a ń pè é ní Òkè Patti, "òkè òkè" là ń wí, àwọn òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ ní Mount Patti náà kò sì sàn jù wá lọ. Gíga rẹ̀ tó 1,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ìpele òkun. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni ń sọ pé a fi àdá gé e. Igi oṣè ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò máa ń yà ní fọ́tò, ilé ìsinmi tí Lugard lò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí ohun tí kò ṣeé rí nísàlẹ̀: Odò Ọya tó ń bọ̀ láti ìhà kan, Bẹ́núé tó ń bọ̀ láti ìhà kejì, tí wọ́n pàdé síbi kan náà, tí àwọ̀ wọn kò sì tètè dọ́gba.

Ọ̀rẹ́ wa, bí o bá mú ọmọ rẹ dé ibẹ̀, jọ̀wọ́ má sọ ìtàn ìyàwó Lugard fún un bí àwọn kan ti ń sọ ọ́, pé ó jókòó lórí òkè yìí, ó wo odò méjèèjì, ó sì fún Nàìjíríà lórúkọ. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni Flora Shaw ti dábàá orúkọ náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1897. Kò tíì di ìyàwó Lugard nígbà náà. 1902 ni wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà nítòótọ́ ni pé ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1900, Lugard fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè níhìn-ín láti bẹ̀rẹ̀ àkóso ilẹ̀ Àríwá. Ìyẹn tó ìtàn, kò nílò iyọ̀ kún un.

Ìtàn tó kan àwa gan-an jù ni ti Àjàyí ará Òṣogùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821 nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1841 ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò dé ìpàdé omi yìí. Ibà pa èyí tó ju ogójì lọ nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ìrìn náà, oko tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí ibí kò sì pé ọdún kan kó tó túká. Ní 1854, Crowther tún padà wá pẹ̀lú Dókítà Baikie nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, kwiníìnì ni Baikie fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ojoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ ronú sí i: ọdún mẹ́tàlá péré ló wà láàárín ìrìn méjèèjì, odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Baikie yìí ló wá tẹ Lọ́kọ́jà dó ní nǹkan bí 1860. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ilé-ìwé Holy Trinity tí àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀ dá sílẹ̀ nílùú yìí sì ń ka ọdún rẹ̀ láti 1865. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni iṣẹ́ ìjọba gbé dé lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1991, a sì máa ń rò pé àwa ni Yorùbá àkọ́dé. Rárá o. Ọmọ Yorùbá ti rí òkè yìí láti ojú odò kí ilé kankan tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún wa láti háyà.

Kí a má sì gbàgbé pé àlejò ni wá síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá, àti àwọn ará Okun láti Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà, ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ará ẹgbẹ́ àtìpó. Àwọn Nupe àti Hausa náà ti pẹ́ nílùú. Nítorí náà, kí a tó gun òkè, kí ẹgbẹ́ rán ènìyàn lọ kí àwọn onílé.

Wàyí o, a ní ọ̀rọ̀ kan tó ju ìtàn lọ, òun gan-an ló sì mú wa tẹnu mọ́ orí òkè yìí dípò ọgbà etí odò tí àwọn mìíràn dábàá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Láàárín ọdún díẹ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìdílé wa ti ń ra ilẹ̀. Inú wa dùn sí i. Lójú ìwé ìròyìn ìdílé, a ń rí i bí ìṣílé ti ń tẹ̀lé ìkómọ. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń mú oníbàárà lọ wo ilẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, tí iyanrìn ń dán, tí owó rẹ̀ sì dín. Ní 2012, odò méjèèjì kún lẹ́ẹ̀kan náà. Omi wọ Adankolo, ó bo ọ̀nà Ganaja, àwọn ènìyàn sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá níbi tí káà ti ń sáré. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀nà Àbújá sì dí níhà Koton-Karfe, àwọn ọkọ̀ sun ojú ọ̀nà. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà ni omi yìí máa ń dé góńgó. Òjò ìhà àríwá ń tì í bọ̀ láti Ọya, òjò Kamẹrúùnù ń tì í bọ̀ láti Bẹ́núé, bí wọ́n bá sì ṣí ìdídò Lagdo lọ́hùn-ún, a óò mọ̀ ọ́n lára níhìn-ín. Bí odò kan kún nìkan, èkejì lè gbà á mọ́ra. Bí méjèèjì bá jọ kún, wọn a dá ara wọn dúró níbi tí wọ́n ti pàdé, omi a sì wá ọ̀nà gba inú ilé lọ.

Láti ìsàlẹ̀, kò sí bí ènìyàn ti lè rí èyí. Láti orí Patti, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rí i. Ilẹ̀ tó tẹ́ mọ́ odò, tí koríko rẹ̀ kọ́kọ́ ń yọ àwọ̀ ewé, tí ojú iyanrìn wọ inú rẹ̀ bí ìka ọwọ́, ibẹ̀ ni omi ń bọ̀ wá. Kí ọkọ àti ìyàwó tó ní owó ilẹ̀ lọ́wọ́ dúró síbẹ̀ ní ọjọ́ Gálílì, kí wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ àgbà kan tó wà nílùú ní 2012 pé, "Bàbá, ibo ni omi dé?" Ìbéèrè kan yìí lè gba ìdílé kan lọ́wọ́ gbèsè ogún ọdún. Inú bọ́ọ̀sì kò ṣeé bèèrè irú rẹ̀, nítorí orin á ti gba etí gbogbo èrò.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa, ẹ má ṣe ka Gálílì sí ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. A mọ̀ pé ní 2022, 2023 àti 2024, Àjíǹde bọ́ sínú oṣù Ràmàdánì. Kò sí bí a ti lè ní kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ wá gun òkè nínú oòrùn láìmu omi, kó sì tún jókòó ti àwọn tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Èyí ti kọjá. Oṣù ààwẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Láti 2025 ó ti ń parí kí Àjíǹde tó dé, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ìdí mọ́ tí ilé kan fi níláti wà lẹ́yìn. Ní Íjíbítì, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde àwọn ìjọ àtayébáyé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sham el-Nessim. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni wọ́n jọ ń kó ẹbí jáde lọ́jọ́ náà sínú ọgbà àti sétí odò Náílì, tàwọn ti ẹja oníyọ̀, àlùbọ́sà àti ẹyin tí wọ́n pa láró. Àwa náà ní odò, ẹja kò sì wọ́n wa. Àti pé ìrìn kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àwọn alífáà kọ́ wa pé Ànábì a máa gba ọ̀nà kan lọ sí Yídì, a sì gba ọ̀nà mìíràn bọ̀. Ó wù wá kí ìrìn wa rí bẹ́ẹ̀: kí a gun òkè lọ, kí a sì gba àárín ìlú bọ̀, kí àwọn ọmọ lè rí itẹ́ àwọn òyìnbó ìgbàanì, irin tí ń rántí ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú, àti òkúta ìrántí àwọn sójà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ẹ fetí sí àwọn ọmọ wa: Hausa lọ́jà, pijin lójú títì, Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé, bí wọ́n bá sì padà sílé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. A ń bá wọn wí, ṣùgbọ́n ìgbà wo là ń jókòó bá wọn sọ̀rọ̀? Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Lórí òkè, kò sí ibi tí ọmọ lè sá lọ. Á bèèrè igi tó rí. Sọ fún un pé èmí nìyí, òun ni à ń rí òrí lára rẹ̀. Ìgbá nìyẹn, òun ni irú inú ọbẹ̀ àná ti wá. Bí ó bá sì dé àárín ọ̀nà tó ní ó ti rẹ òun, má ṣe gbé e. Kì í ní oríkì. A ti rí ọmọ tó jókòó sílẹ̀ pé òun kò lọ mọ́, tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe, "Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀," tó dìde, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ṣíwájú ìyá gòkè. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ oòrùn àti ara líle, èyí tí àwọn aláàbò bọ́ọ̀sì fi ń dá wa lẹ́kun. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn máa ń yọ níhìn-ín ní oṣù Igbe. Bí a bá ti pé jọ sẹ́sẹ̀ òkè nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, tí a sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a óò ti dé orí òkè kí oòrùn tó mú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ àgbà wọn ọ̀nà fún ọmọdé. Ẹni tó lọ́ra jù ni kó ṣíwájú, kí àwọn géńdé wà lẹ́yìn. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé omi tirẹ̀, omi gidi, kì í ṣe ohun mímu aládùn, kí a sì dúró mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ ọmọ. Bàtà ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó ní ikọ́ fée, kó fi ọ̀rọ̀ lọ dókítà rẹ̀ ná. Ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, bọ́ọ̀sì ni kó wọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, láìjanpata. Òùngbẹ àti àárẹ̀ a máa gbé ìrora irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dìde, kò sì yẹ kí ojú tì í nítorí ìyẹn. Kí a jẹun lórí òkè, kí a sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán gangan, nítorí òjò àkọ́rọ̀ a máa dé lójijì lọ́sàn-án pẹ̀lú àrá àti ìjì, orí òkè kì í sì í ṣe ibi tí à ń dúró sí de mànàmáná. Gbogbo ọ̀rá tí a bá gbé lọ, kí a gbé e bọ̀.

Ti ààbò náà ńkọ́? Kí akọ̀wé fi ìwé tó àwọn ọlọ́pàá létí ṣáájú. Bí wọ́n bá ní kí a má gun òkè lọ́dún yìí, a kò ní gùn ún, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìyẹn ṣe akin. Ìrìn àárín ìlú tí a ti dárúkọ sókè yóò tó fún wa, kí àgbà kan sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi fún àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀.

Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé: iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, iye àgbà tí yóò wọ bọ́ọ̀sì, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni yóò pín oúnjẹ láàárín ara wọn. Ẹ̀bẹ̀ wa kan ṣoṣo ni pé kí ẹja má ṣe wọ́n ju mọ́ínmọ́ín lọ bíi ti ìgbà kan. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí a fi bọ́ọ̀sì kó gbogbo wa, kó wá sọ tirẹ̀ nípàdé. A óò fún un ní àyè.